Ọ̀sẹ̀ Mẹ́rin Ló Kù Kí Máratọ́ọ̀nù Èkó Wáyé, Ibà sì Ti Gba Ọjọ́ Mẹ́wàá Lọ́wọ́ Mi: Kí Ni Kí N Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, kóòṣì. Olùkọ́ obìnrin ni mí ní Ìbàdàn, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ìwọ̀n mi sì jẹ́ kìló 65. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún eré Máratọ́ọ̀nù Èkó tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ mi sì nìyí. Láti oṣù Kẹsàn-án ni mo ti ń sáré ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 45 lápapọ̀. Mo sá kìlómítà 21 nínú oṣù Kejìlá láàárín wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú, èyí tí ó gùn jù tí mo tíì sá sì ni kìlómítà 26. Lẹ́yìn ọdún ni ibà gbé mi dè fún ọjọ́ mẹ́wàá. Mo ti parí oògùn, mo sì ti tún sáré kékeré lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan tí a jọ ń sáré ní kí n sá kìlómítà 42 náà pé pérépéré ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ṣé kí n gbà? Báwo ni mo ṣe lè bá ara mi bí mo ti pàdánù ọjọ́ wọ̀nyẹn? Kí ni kí n máa jẹ, kí ni kí n sì máa mu?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àjàbọ́ lọ́wọ́ ibà. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sá kìlómítà 42 náà ṣáájú ọjọ́ eré. Ire ni ẹni tí ó gbà yín nímọ̀ràn ń fẹ́ fún yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tí kò tíì ṣe é rí, nítorí pé ohun tí ènìyàn bá ti ṣe lẹ́ẹ̀kan kì í sábà bà á lẹ́rù mọ́. Ṣùgbọ́n eré tí ó gùn tó kìlómítà 42 àti mítà 195 máa ń ya àwọn fọ́nrán kéékèèké inú ẹran itan àti ti ẹsẹ̀, ó máa ń gbọ́n okun tí ó wà nípamọ́ nínú ẹran ara àti ẹ̀dọ̀ gbẹ, ìtúnṣe rẹ̀ sì lè gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kódà nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá ro ènìyàn mọ́ rárá. Bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn náà, ẹsẹ̀ tí kò tíì jinná ni ẹ ó gbé wá sí Sùúrùlérè, níbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ eré, ọkàn tí ẹ ní kí ó balẹ̀ yóò sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ìgbà tí kò yẹ kí ó gbọ̀n.

Ìdí kejì ni pé ara kì í san èrè iṣẹ́ ní ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti sá eré tí ó le títí di ìgbà tí ara yóò fi sọ ọ́ di okun, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ líle tí a bá ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ tó kẹ́yìn kò lè fi ohunkóhun kún ohun tí a ó gbé wá sí ojú ọ̀nà. Àárẹ̀ rẹ̀ nìkan ni yóò bá wa débẹ̀. Àwọn kan á ti pa á lówe fún yín pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n láti oṣù Kẹsàn-án ni ẹ ti ń la àpáta. Iṣẹ́ tí ó kù fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí ni pé kí ẹ dé ibi ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ara tí ó ti sinmi, tí ó ti mọ oòrùn, tí ó sì ti mọ ohun tí yóò jẹ àti ohun tí yóò mu. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kò kọjá ìyẹn.

Nípa ọjọ́ mẹ́wàá tí ibà gbà, ẹ má ṣe kà á sí gbèsè. Ẹni tí ó ti fi oṣù mẹ́rin sáré kò lè pàdánù púpọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Díẹ̀ nínú omi inú ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ dín kù, ó sì máa ń tètè padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó gbogbo kìlómítà tí ó sọnù jọ sínú ọ̀sẹ̀ kan ni ó sábà máa ń fi gìgísẹ̀ tàbí orúnkún san án. Ohun tí ó jẹ mí lógún ju kìlómítà lọ ni ibà fúnra rẹ̀. Kòkòrò ibà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́, ẹ̀jẹ̀ pupa yìí ni ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú lọ sí ibi tí iṣan ti ń ṣiṣẹ́. Ènìyàn lè parí oògùn, kí ara rẹ̀ má gbóná mọ́, kí ó sì máa jẹun dáadáa, síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tíì kún bí ó ti yẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àyẹ̀wò tí gbogbo wa mọ̀ sí PCV, tí ó ń sọ ìdá tí ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Fún obìnrin tí ó fẹ́ sá eré gígùn, mo máa ń fẹ́ kí ó tó 36 ó kéré tán. Bí tiyín bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi àbájáde náà han dókítà kí ẹ tó tún wọ bàtà eré, nítorí pé kò sí ètò ìgbaradì kankan tí ó lè rọ́pò ẹ̀jẹ̀.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí ẹ lè máa ṣe fúnra yín ní gbogbo òwúrọ̀. Bí ẹ bá ti lajú, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, kí ẹ tó gbé fóònù, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, ní ìhà ibi tí àtàǹpàkò wà, kí ẹ sì ka bí ó ti ń lù kì-kì-kì fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ ó ti mọ iye tí ó jẹ́ tiyín. Òwúrọ̀ tí ó bá fi nǹkan bí mẹ́wàá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara ń sọ pé òun kò tíì sinmi tán tàbí pé àìsàn kan ń bọ̀. Ẹ fi ọjọ́ náà sinmi, kí ẹ má sì ṣe ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá pé, ẹ padà sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yín. Ẹ kò gbọdọ̀ dín iye ìgbà tí ẹ ń sáré kù púpọ̀, nítorí pé ara tí a bá já gbà pátápátá lọ́wọ́ iṣẹ́ máa ń wúwo. Gígùn rẹ̀ ni kí ẹ máa dín. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sáré kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kò sí èyí tí ó gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 50, kí ẹ sì máa sá a débi pé ẹ lè máa bá ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ-hẹlẹ. Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí eré yóò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré, ẹ sá eré gígùn yín tó kẹ́yìn. Ẹ óò ti gbọ́ pé kìlómítà 32 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ìmọ̀ràn yẹn dára fún ẹni tí ó lè sá a tán láàárín wákàtí mẹ́ta. Ẹni tí yóò máa fi ìṣẹ́jú méje àbọ̀ sá kìlómítà kan, bí mo ti fẹ́ kí ẹ máa ṣe, yóò lo wákàtí mẹ́rin gbáko lórí rẹ̀, ìyà tí yóò jẹ ẹsẹ̀ yóò sì ju àǹfààní tí ara yóò rí lọ. Aago ni kí ẹ wò, ẹ má wo kìlómítà: wákàtí mẹ́ta ni, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan rìn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí ẹ bá fi sáré. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 24 ni ẹ bá a dé, ó ti tó. Ẹni tí ó bá ń rẹ̀ jù nítorí ibà lè dúró ní wákàtí méjì àbọ̀, kò sí ohun tí ó bàjẹ́.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìdínkù yóò ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa eré sísá ti rí léraléra ni pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi dín gígùn eré kù ní ìwọ̀n 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, láìpa eré kíá rẹ́ pátápátá, ni ó máa ń mú kí ènìyàn ṣe dáadáa jù lọ. Ní tiyín, kìlómítà 27 tàbí 28 ni èyí yóò jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, pẹ̀lú kìlómítà 14 sí 16 ní Sátidé rẹ̀. Nǹkan bí 20 ní ọ̀sẹ̀ kejì, pẹ̀lú kìlómítà mẹ́wàá ní Sátidé. Nígbà tí ó bá sì di ọ̀sẹ̀ eré, ìgbà méjì tí ẹ ó fi ìṣẹ́jú 25 sáré ti tó. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀ sá irú eré tí ẹ fẹ́ sá ní ọjọ́ náà, kí ẹsẹ̀ lè mọ bí ó ti rí lára láìwo aago.

Irú eré wo wá ni? Bí a bá fi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú tí ẹ fi sá kìlómítà 21 ṣe òṣùwọ̀n, ní ojú ọ̀nà tí ó tutù, ẹ lè parí máratọ́ọ̀nù ní wákàtí márùn-ún dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n Èkó kò tutù, ibà sì ti kọjá lára yín. Ìṣẹ́jú méje àbọ̀ fún kìlómítà kan ni mo ń gbà yín níyànjú láti máa lò, èyí tí yóò mú yín dé òpin ní nǹkan bí wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 16. Kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni kí ẹ tilẹ̀ fi sùúrù sá jù, nǹkan bí ìṣẹ́jú 77 tàbí 78 fún gbogbo rẹ̀. Ìlù yóò máa dún, àwọn ènìyàn yóò máa kọjá lára yín bí ẹni pé wọ́n ń lé bọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹ ó tún bá lọ́nà.

Oòrùn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé òun ni ó ń dá àwọn tí wọ́n ti òkè wá sí Èkó dúró jù, kì í ṣe àìlókun. Ní Ìbàdàn, nínú oṣù Kìíní, ọyẹ́ ṣì máa ń wà ní àárọ̀, atẹ́gùn gbẹ, òógùn sì máa ń gbẹ lára kíákíá. Gbígbẹ tí òógùn ń gbẹ yìí ni ó ń mú ara tutù. Ní Èkó, tí ọ̀sà àti òkun yí ká, afẹ́fẹ́ kún fún omi. Òógùn á máa ṣàn sílẹ̀ láìgbẹ, ara yóò sì máa gbóná sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wù ti rin gbindin. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ sá eré yìí ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 2016, láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè sí Eko Atlantic, oṣù Kejì tí ooru máa ń mú gan-an ni wọ́n sábà ń sá a. Eré náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, ní nǹkan bí ìgbà tí oòrùn ń yọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lo wákàtí márùn-ún yóò ṣì wà lójú ọ̀nà nígbà tí oòrùn bá ti wọ àárín orí. Ó tún ku afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 11. Ojoojúmọ́ ni a ń fi mọ́tò kọjá lórí rẹ̀, a kì í sì í kíyè sí i pé kò sí igi kan, kò sí òjìji kan, bí kò ṣe ọ̀sà ní ọ̀tún àti ní òsì, àti ọ̀dà tí ń fi ooru ránṣẹ́ sókè.

A dúpẹ́ pé ara ènìyàn máa ń kọ́ ooru, kò sì ń pẹ́ kọ́ ọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ẹni tí ó bá ń sáré nínú oòrùn díẹ̀díẹ̀ yóò rí i pé òógùn rẹ̀ máa ń tètè jáde, pé iyọ̀ inú òógùn náà dín kù, pé omi inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i, àyà rẹ̀ kò sì lù kíkankíkan mọ́ lórí eré kan náà. Mo gbà pé agogo márùn-ún àbọ̀ àárọ̀ ni ẹ máa ń sáré kí ẹ tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ó ń bọ̀, ẹ gbé méjì nínú eré mẹ́rin yín sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 25, ẹ fi kún un títí yóò fi tó 45, kí ẹ sì sá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ má ṣe fi eré gígùn Sátidé kọ́ oòrùn, ẹ má sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ eré. Bí orí bá ń fọ́ yín tàbí tí ara ń sẹ́ òtútù lábẹ́ oòrùn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ibòji, ẹ da omi sórí. Àmì ewu ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà.

Omi ló kàn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ wa ni pé kí a máa mu omi ṣáá, ṣùgbọ́n omi tí ó bá pọ̀ jù lè pa sárésáré. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn sárésáré 488 wò ní ìparí máratọ́ọ̀nù Boston ní ọdún 2002, wọ́n rí i pé iyọ̀ ti dín kù ju bí ó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àwọn tí wọ́n fi omi sanra lójú ọ̀nà àti àwọn tí wọ́n pẹ́ lójú ọ̀nà sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Ẹ̀yin náà yóò pẹ́ lójú ọ̀nà. Kí ẹ má baà méfò, ẹ wọn ara yín. Ní ọjọ́ kan tí ẹ bá fẹ́ sáré wákàtí kan, ẹ tọ̀, ẹ gorí ìwọ̀n láìwọ bàtà, ẹ kọ ohun tí ó sọ. Bí ẹ bá padà dé, ẹ nu òógùn gbẹ, ẹ tún gun un. Ká ní ìwọ̀n sọ pé 65 kí ẹ tó jáde, tí ẹ mu omi sẹ́ńtílítà 30 lọ́nà, tí ó sì di 64.4 nígbà tí ẹ dé, sẹ́ńtílítà 90 ni òógùn tí ó jáde lára yín láàárín wákàtí kan, nítorí pé kìló kan jẹ́ lítà kan. Ẹ kò nílò láti dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ti tó, ìyẹn ni pé omi inú ọ̀rá kan àti díẹ̀ sí i láàárín wákàtí kan, kí ẹ mu ún ní ẹnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì da ìyókù sí orí àti ọrùn. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe láéláé ni pé kí omi tí ó wọlé ju òógùn tí ó jáde lọ. Bí òrùka bá ń fún ìka yín, tí inú ń rú, tí orí ń fọ́, tí ikùn sì ń dún fún omi, ẹ dẹ́kun omi mímu, kí ẹ lọ bá àwọn oníṣègùn tí wọ́n wà lójú ọ̀nà.

Oúnjẹ rọrùn ju omi lọ. Okun tí ara lè kó pamọ́ láti inú oúnjẹ afáralókun kò ju nǹkan bí gíráàmù 400 sí 500 lọ, èyí tí ó ń fúnni ní nǹkan bí kalori 2,000. Ẹni tí ó wọn kìló 65 yóò lo nǹkan bí 2,700 lórí máratọ́ọ̀nù. Ẹ rí i pé kò tó. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń di òkúta lẹ́yìn kìlómítà 30. Ọ̀nà méjì ni a fi ń dí àlàfo náà. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ kún àká yín ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú eré: gíráàmù mẹ́jọ oúnjẹ afáralókun fún kìló ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tí ó jẹ́ 520 fún yín. Gíráàmù 100 ìrẹsì tí a ti sè ní nǹkan bí 28 nínú, iṣu sísè kò jìnnà sí i, ègé búrẹ́dì kan ní nǹkan bí 15, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní nǹkan bí 27. Ẹ kò lè jẹ ẹ́ tán ní ìjókòó méjì, nítorí náà ẹ pín in sí ọ̀nà márùn-ún, ẹ dín epo àti ẹran kù kí àyè lè wà. Ẹ ó fi nǹkan bí kìló kan sanra sí i. Omi tí ó tẹ̀ lé okun náà ni, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò dun ará Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò sí àbùlà ní ọjọ́ Ẹtì. Àmàlà fúnra rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Gbẹ̀gìrì, ewédú àti ata ni wọ́n lè sọ yín di ẹni tí ń wá ilé ìyàgbẹ́ lórí afárá tí kò sí ilé ìyàgbẹ́. Ìrẹsì funfun pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ta, iṣu, búrẹ́dì àti ẹ̀kọ ni kí ẹ gbájú mọ́, kí oúnjẹ alẹ́ sì tètè wọlé. Ní òwúrọ̀ eré, nígbà tí ó bá ku wákàtí mẹ́ta, ègé búrẹ́dì mẹ́rin tí a fi oyin ra, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan àti ife tíì kan ti tó.

Ọ̀nà kejì ni ohun tí ẹ ó máa jẹ lójú ọ̀nà: gíráàmù 30 sí 60 láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó rẹ̀ yín, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Àwọn kan máa ń ra jẹ́ẹ̀lì olówó iyebíye, ohun dídùn kíki tí a ń fà mu nínú ọ̀rá kékeré. Gúlúkóòsì gíráàmù 30 tí a pò sínú omi sẹ́ńtílítà 50 ń ṣe iṣẹ́ kan náà, dàbínù tí a ti yọ kóró rẹ̀ náà sì dára fún ẹni tí ó bá lè jẹ ẹ́ nígbà tí ó ń sáré. Èyí tí ó bá wù yín, eré Sátidé yìí ni kí ẹ ti dán an wò, nítorí pé inú tí kò mọ ohun kan rí lè kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ eré. Bákan náà ni ti bàtà: èyí tí ẹ ti fi sá eré gígùn ni kí ẹ wọ̀, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe èyí tí ó ń dán nínú páálí. Ẹ fi Vaseline ra abẹ́ abíyá, àárín itan àti gbogbo ibi tí okùn kọ́mú ti ń ha ara.

Ẹ má ṣe lo oògùn ara ríro bíi ibuprofen tàbí diclofenac ṣáájú eré tàbí nígbà eré. Nígbà tí omi ara bá ti dín kù nínú ooru, wọ́n lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá. Èyí kan àgbo àti ohun mímu amúnilágbára tí ẹnìkan lè gbé fún yín níbi ìbẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ẹni náà fẹ́ràn yín tó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ara yín kò yá. Orúnkún tí kò dùn yín rí yóò máa ta yín ní alẹ́, ẹsẹ̀ yóò wúwo lórí àtẹ̀gùn, inú yóò sì máa bí yín sí àwọn ọmọ kíláàsì láìnídìí. Ara tí ó ti mọ́ iṣẹ́ lára, tí a wá ní kí ó jókòó, ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń lọ nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ jáde lọ dán ara wò ní Ọjọ́bọ̀. Ìrora tí ó bá mú kí ẹ máa tiro, tí ó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ti ń sáré, ni kí ẹ fi han oníṣègùn.

Ẹ má ṣe fi ìrìn àjò sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gbà yín láyè, ẹ kúrò ní Ìbàdàn ní Ọjọ́bọ̀; ọkọ̀ ojú irin tí ó ń gbéra ní Mọ́níyà máa ń já èrò sílẹ̀ ní Alágoméjì, tí kò jìnnà sí Sùúrùlérè, ẹsẹ̀ yín yóò sì bọ́ lọ́wọ́ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojú títì márosẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà àyà yín, kí ẹ padà sílé lọ nasẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pín nọ́ńbà kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Oorun alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí oorun bá kọ̀ láti kùn yín ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì nítorí ìdùnnú tàbí ìbẹ̀rù, kò ní dí yín lọ́wọ́.

Ó ku ohun tí ẹ kò béèrè. Bí ibà bá padà ní ọ̀sẹ̀ eré, tí ara gbóná, tí ẹ ń gbọ̀n tàbí tí àyà ń dùn yín, ẹ kò gbọdọ̀ sáré. Ara tí ó ti ń gbóná láti inú wá, tí a tún gbé lọ sínú oòrùn, lè ṣubú lulẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ọkàn sì lè bá a lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé eré wákàtí mẹ́ta ti Sátidé yìí ni ó pa yín lára, débi pé ó gbà yín ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí ẹ tó lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn dáadáa, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn elétò bóyá ẹ lè bọ́ sí eré kìlómítà mẹ́wàá tí wọ́n máa ń sá ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ sì fi máratọ́ọ̀nù sí ọdún tí ó ń bọ̀. Bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, nígbà tí ẹ bá ń fi abẹ́rẹ́ so nọ́ńbà yín mọ́ àyà, ẹ yí i sí ẹ̀yìn ná, kí ẹ fi bírò tí kì í tètè parẹ́ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni kan tí ó máa wà ní Èkó lọ́jọ́ náà, irú ẹ̀jẹ̀ yín, àti oògùn tí ara yín kò gbà bí ó bá wà.